Òjò Àkọ́rọ̀

Eré mẹ́ta péré la tíì gbá,
ẹ má tíì bi mí bóyá a ó gbé ife.
Àgbẹ̀ tó bá òjò àkọ́rọ̀ jó
ló ń padà wá ra irúgbìn lẹ́ẹ̀kejì.
Ṣùgbọ́n ẹnu ń yún mi.

Láti Òkè-Fìà ni mo ti ń rìn lọ lálẹ́ Sátidé,
dúdú táyà ṣì wà léèékánná mi,
tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lápò ẹ̀wù.
Àtẹ̀gùn kẹta ni mo máa ń jókòó sí,
ibi tí òrùlé ò ti jò.

Irin Ọ̀ṣun lorúkọ tiwa,
ó sì ti dógùn-ún láti eré àkọ́kọ́:
Àkúrẹ́ fi àmì mẹ́rìnlélógún nà wá.
Ìlọrin wá, a nà wọ́n,
n kò mọ bá a ṣe ṣe é títí dòní.

Ẹ wo Tẹ́lúmùn tí wọ́n lọ mú wá láti Gbókò.
Ó ga débi pé ó ń tẹrí ba kó tó wọ yàrá ìmúra.
Gbogbo wa la hó yèè lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ yọ.
Àṣé gíga ọ̀tọ̀, fífò ọ̀tọ̀.
Ó dúró lábẹ́ agbọ̀n bí òpó iná ìjọba:
ó dúró ṣinṣin,
iná ni ò sí.

Ṣùgbọ́n kúkúrú tí wọ́n ń pè ní Ọ̀ṣúndínà,
ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun,
(mo ti lẹ táyà ọ̀kadà ẹ̀gbọ́n ẹ̀ rí, ó ku igba náírà)
bọ́ọ̀lù ń tẹ̀ lé e bí ajá tó mọ olówó ẹ̀.
Ó wo òsì, ó jù ú sọ́tùn-ún,
ẹni tó ń ṣọ́ ọ ṣì ń wá a kiri ní Gbódófọ̀n.
Tó bá wá kan ìjù ọ̀fẹ́, ọwọ́ ẹ̀ a máa gbọ̀n.
Mẹ́jọ ló jù, méjì ló wọlé.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé gbèsè mi,
lábẹ́ àwọn tó jẹ mí lówó táyà.

Músíbáù àgbà ṣì wà. Orúnkún ẹ̀ ń ké bí ilẹ̀kùn.
Fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀jọ̀gbọ́n ni;
níṣẹ̀ẹ́jú kọkànlá, ẹ gbé àga fún un.

Adó-Èkìtì, orí fóònù ni mo ti rí wọn:
wọ́n ra aṣọ tuntun, wọ́n ra bàtà tuntun,
wọn ò tíì ra ẹni tí yóò sáré padà ṣọ́lé.

Ìbàdàn ni mo bẹ̀rù.
Wọn ò ní gbajúmọ̀ kankan,
àwọn márààrún ń mí èémí kan ṣoṣo.

Àwọn náà la gbá ní Sátidé yìí.
Ìdajì kejì ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó gbọ́ ọ:
bọ́ọ̀lù ń dún bùù, kò dún gbà.
Ogún ọdún tí mo ti ń fẹ́ táyà,
etí mi kì í purọ́.
Mo dìde, mo ké sí rẹfirí: "Afẹ́fẹ́ ń jáde!"
Wọ́n fi mí ṣẹ̀sín.
Rẹfirí fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò,
ó wò mí,
ó ní kí n wá pọ́ǹpù.
Mo sáré dé ṣọ́ọ̀bù, mo sáré padà,
ẹ̀mí fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu mi.
Afẹ́fẹ́ tèmi ló wà nínú bọ́ọ̀lù
tí Ìbàdàn fi àmì kan nà wá.

Ìjù ọ̀fẹ́ Ọ̀ṣúndínà ló kẹ́yìn.
Ó yí lẹ́nu agbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì,
ó rò ó, ó jáde.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ti ọ̀kadà ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wá,
táyà ẹ̀yìn tẹ́ pẹrẹsẹ.
N kò sọ̀rọ̀. Mo gbé táyà sínú omi, mo ń wá ihò.
Ó ní, "Bàbá, wọ́n ní ẹ̀ ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mélòó ni?"
Mo ní mẹ́jọ, méjì wọlé.
Ó ní, "Mẹ́sàn-án ni."
Ó mú bírò létí mi,
ó tún un kọ fúnra ẹ̀.

Ó ku eré mọ́kàndínlógún.